Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Fọ́tò yíyà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ l'Óṣòdì-Ìsọlọ̀

Ṣé kámẹ́rà olówó ńlá lẹ ń dúró dè? Ní 1950, kámẹ́rà Brownie D tí kò ní fláàṣì ni ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin wa, iṣẹ́ tó gbé e dé Paris ní 2000. Fóònù ọwọ́ yín tó o jàre.

Ìmọ́lẹ̀ gan-an niṣẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń da òjìji sí kòtò ojú èèyàn. Ẹ bọ́ sábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, kí ẹni tí ẹ ń yà kọjú síta, síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ ó rí bí awọ ara rẹ̀ yóò ṣe máa dán. Dánfó tó ń sáré ńkọ́? Bí kámẹ́rà fóònù yín bá ní ètò Pro, ẹ gbé ìyára yíyà rẹ̀ (shutter speed) sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, ọkọ̀ yóò dúró gbagidi nínú fọ́tò. Ní 1/30, yóò fà lọ bí èéfín. (Èyí tó ń fà yẹn ló wù mí jù.)

Bí ẹ bá fẹ́ ya ìyá ọlọ́jà, ẹ kọ́kọ́ kí wọn: "Ẹ kú ọjà o, mà. Ṣé mo lè yà yín?" Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kí ẹ sì fi okùn so fóònù mọ́ ọrùn ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa já a gbà o, Òṣòdì la wà.