Ta Ló Tú Al Jazirah Al Hamra Ká?

Bí ẹ bá dé Ras Al Khaimah, lápá àríwá ilẹ̀ UAE, ẹ ó gbọ́ pé abúlé kan wà létí òkun níbẹ̀ tí àlùjànnú gbà mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́. Irọ́ ni. Al Jazirah Al Hamra lorúkọ abúlé náà, àwọn ẹ̀yà Zaab ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, péálì inú òkun sì lòwò wọn.

Owó wà nínú òwò yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ni wọ́n fi ń wá a. Nígbà ooru, ọkọ̀ á ṣí, ó di bí oṣù mẹ́rin. Òmùwẹ̀ á fi ohun tí wọ́n fi ìwo gbẹ́ fún imú rẹ̀ pinpin, á ki ẹsẹ̀ bọ okùn tí òkúta wà nídìí rẹ̀, òkúta á sì wọ́ ọ dé ìsàlẹ̀. Á máa ṣa ìkarahun sínú apẹ̀rẹ̀ títí èémí á fi fẹ́ẹ̀ tán, kó tó mi okùn kejì pé kí wọ́n fa òun sókè. Ọ̀pọ̀ ìkarahun ni wọ́n á là tí wọn ò ní bá nǹkan kan. Gbèsè ọ̀gá ọkọ̀ sì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́dọọdún.

Òkun náà ló kọ́lé fún wọn. Òkúta iyùn ni wọ́n fi mọ ògiri, ẹ ṣì lè fojú rí ìkarahun lára rẹ̀ dòní. Imọ̀ igi dàbínù ni wọ́n fi bo òrùlé, igi ẹ̀gbà tí ọkọ̀ kó wá láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ló sì gbé e dúró.

Ní 1893, Kokichi Mikimoto ará Jàpáánì rí ọgbọ́n dá sí i tí péálì fi ń hù nínú ìkarahun tí èèyàn ń sìn. Nígbà tó yá, irú péálì bẹ́ẹ̀ kún ọjà, ọrọ̀ ajé àgbáyé tún dẹnu kọlẹ̀ ní 1929. Òwò wọn bà jẹ́ pátápátá.

Síbẹ̀ wọn ò tíì lọ. Aáwọ̀ pẹ̀lú ọba Ras Al Khaimah ló lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò ní 1968, Ṣéékì Zayed ti Abu Dhabi, tí epo rọ̀bì ti sọ ìlú rẹ̀ dolówó, sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Lílọ wọn ló dá ilé wọn sí, nítorí níbòmíràn, wọ́n ti wó irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́ ti kọ́ńkéré. Ìjọba ti ń tún àwọn ilé náà ṣe báyìí. Ẹni tó bá lọ wò ó, kó yéé béèrè àlùjànnú. Orúkọ ìdílé tó nilé ni kó béèrè. Àwọn ọmọ wọn ń bẹ láyé, àdúgbò kan sì ń jẹ́ Al Zaab ní Abu Dhabi.