Pupa Tó Wà Lábẹ́ Áfíríkà Kì Í Ṣe Iná

Láti Mission Bend níbí ni mo ti ń kí yín. Àwọn òbí wa nílé ti ń fi àwòrán kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ayé tí wọ́n là sí méjì, tí nǹkan pupa ràbàtà wà lábẹ́ Áfíríkà. Wọ́n ní iná ló ń hó níbẹ̀, pé ilẹ̀ fẹ́ bẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Láàrin èèpo ayé àti ọkàn rẹ̀ ni àpáta tí wọ́n ń pè ní mantle wà. Ó jìn tó 2,900 kìlómítà. Ihò tó jìn jù tí èèyàn tíì gbẹ́ kò ju bíi kìlómítà 12 lọ. Báwo la wá ṣe mọ ohun tó wà níbẹ̀? Bí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìgbì rẹ̀ á gba inú ayé kọjá, ẹ̀rọ á sì gbọ́ ọ níbòmíràn. Nínú àpáta tó gbóná, ìgbì máa ń falẹ̀; nínú èyí tó tutù, ó máa ń yára.

Ẹ fi wé ọ̀nà àdúgbò wa. Bí ẹnì kan bá pẹ́ kó tó délé, a mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà, ṣùgbọ́n a ò mọ ibi tó wà. Bí ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ bá gba Bellaire, Westheimer àti Highway 6, tí a sì kọ àkókò tí kálukú lò sílẹ̀, a ó mọ oríta náà gan-an. Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán mantle nìyẹn.

Pupa inú àwòrán yẹn kàn ń sọ pé ìgbì falẹ̀ níbẹ̀ ni. Àpáta líle ni. Bóyá ooru nìkan ló fà á, tàbí irú àpáta ibẹ̀ ló yàtọ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e. Ibi tí ìgbì ti yára ni wọ́n ń kùn ní búlúù. Lọ́dún 1997, Steven Grand ti Yunifásítì Texas ní Austin àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú èyí hàn lábẹ́ Amẹ́ríkà: ilẹ̀ abẹ́ òkun àtijọ́ tó ti rì, tó ṣì tutù ju àyíká rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n etí kò pọ̀ bákan náà níbi gbogbo. Láàrin 2004 sí 2015, ètò USArray ń ṣí ẹ̀rọ bíi 400 kiri Amẹ́ríkà, nǹkan bíi kìlómítà 70 láàrin ọ̀kan sí èkejì. Wọ́n gba Texas kọjá. Ní Nàìjíríà, ibùdó kéréje ló wà, ọ̀kan nínú wọn ní Ilé-Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án 2009, ilẹ̀ mì débi pé àwọn ará Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n lára. Ibi tí ẹ̀rọ kò bá pọ̀, àwòrán ibẹ̀ kì í mọ́ kedere.

Nítorí náà, bí màmá yín bá tún fi àwòrán yẹn ránṣẹ́, ẹ má bú wọn o. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí pupa yẹn ń sọ fún wọn. Ó dìgbà kan ná.