Ṣé o mọ̀? Fóònù kọ́ ló ń mú ojú hunjọ
Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ fóònù mọ́jú ní Àgọ́-Ìwòyè lè máa bẹ̀rù pé ìmọ́lẹ̀ búlúù inú rẹ̀ yóò sọ òun di arúgbó. Kó fọkàn balẹ̀. Beiersdorf ní Jámánì, tó ń ṣe ìpara Nivea (àwọn tí ìbẹ̀rù wa ì bá mówó wọlé fún), ti ṣírò rẹ̀: ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún odindi ọjọ́ 7 láìdìde, ìmọ́lẹ̀ búlúù tó gbà kò ju ti ìṣẹ́jú 1 nínú oòrùn ọ̀sán ìlú Hamburg lọ. Oòrùn Hamburg ni o, kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú-Igbó!

Apẹja Ìwopin ní Ògùn Waterside ni kó ṣọ́ra: oòrùn ń jó o lókè, omi ọ̀sà tún ń dá ìtànṣán padà sí i lójú. Fìlà abetí gbòòrò ń ṣèrànwọ́. Ní ti àwọ̀ dúdú, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí à ń fojú rí pàápàá máa ń fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀ lójú, ìpara oòrùn funfun lásán kì í sì í dá a dúró dáadáa. Èyí tí wọ́n fi èròjà ìpẹtà irin pa láró ló ń ṣe é.