Ojú-iṣẹ́ aláwòrán nínú virtual appliance

Virtual appliance jẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní ara tirẹ̀. Fáìlì ni, tí ètò-ìṣiṣẹ́ àti iṣẹ́ kan pàtó ti wà nínú rẹ̀, tí a ń gbé sórí ẹ̀rọ mìíràn nípasẹ̀ ètò bíi VirtualBox. Ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ pinnu bóyá yóò ní ojú-iṣẹ́ aláwòrán, ìyẹn fèrèsé, àmì kéékèèké àti atọ́ka máòsì, tàbí ojú ìkọ̀wé lásán tí a ń tẹ àṣẹ sí.

Ibi tí òǹlò wà ni ó ń yanjú ọ̀rọ̀ náà. Koha, ètò ilé-ìkàwé tí wọ́n ṣe ní New Zealand ní 1999, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé fásitì Nàìjíríà sì ń lò, jẹ́ àpẹẹrẹ tó yéni. Bí a bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀yọ́, níbi tí Fásitì Àjàyí Crowther wà láti 2005, tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Fásitì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá wà láti 1990, inú búráúsà orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tiwọn ni òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa lò ó. Kò sí ẹni tó jókòó síwájú appliance náà. Ta ni yóò wá wo fèrèsé rẹ̀?

Fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kò wò ń jẹ mẹ́mórì síbẹ̀. Ubuntu 22.04 aláwòrán ń béèrè 4 GB, nígbà tí irú rẹ̀ ti sáfà lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú nǹkan bí 1 GB. Lórí ẹ̀rọ tí gbogbo mẹ́mórì rẹ̀ kò ju 8 GB lọ, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ètò aláwòrán tún ń béèrè àtúnṣe ààbò lemọ́lemọ́, owó dátà sì ni.

Ọ̀ràn iná mànàmáná ṣe pàtàkì jù báyìí lọ. Bí ẹni tó ṣètò appliance bá so iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ojú-iṣẹ́ aláwòrán, tí iná lọ, tí ó sì dé ní òru, ẹ̀rọ náà lè dúró síbi tí ó ti ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Iṣẹ́ tí ètò-ìṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń gbé dìde kò nílò ẹni tí yóò wọlé. Bákan náà, ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè fi SSH, tó ti wà láti 1995, tún ẹ̀rọ tó wà ní Ọ̀yọ́ ṣe lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára, nítorí ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń kọjá, kì í ṣe àwòrán.

Ojú ìkọ̀wé Linux kì í sábà lè fi àmì ohùn hàn dáadáa lórí ẹ àti ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gba SSH wọlé, ojú ẹ̀rọ ẹni tó ń kà á ni ó ń ya lẹ́tà náà. Ohun tó wà nínú fáìlì kò yí padà.

Àwọn appliance kan wà tí fèrèsé jẹ́ iṣẹ́ wọn gan-an. OSGeoLive, tí a fi ń kọ́ni ní yíya àwòrán ilẹ̀, ní QGIS nínú, akẹ́kọ̀ọ́ sì ní láti rí ilẹ̀ tó ń yà. Kò sí bí a ṣe lè yọ ojú-iṣẹ́ aláwòrán kúrò nínú irú èyí.