Ṣé o mọ̀? Ọbẹ̀ ata Homer Simpson ṣeé sè nílé

• Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1997 ni eré àwòrán The Simpsons fi ọ̀gá ọlọ́pàá Wiggum hàn pẹ̀lú ìkòkò chili, ìyẹn ọbẹ̀ ẹran àti ata tí àwọn ará Texas fẹ́ràn. Homer, olórí òṣèré inú eré náà, fi àbẹ́là yíyọ́ bo ẹnu, ó gbé ata Guatemala inú ọbẹ̀ náà mì lódidi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìran.

• Kò sí irú ata bẹ́ẹ̀ láyé. Habanero ni kó o fi rọ́pò rẹ̀. Ìran kan náà ni òun àti ata rodo ti wá.

• Onímọ̀ oògùn Wilbur Scoville ló gbé ìwọ̀n títa ata kalẹ̀ lọ́dún 1912. Habanero àti ata rodo máa ń wà láàárín 100,000 sí 350,000 lórí ìwọ̀n náà.

• Awọ funfun inú ata, níbi tí hóró so mọ́, ló ń ta jù. Yọ ọ́ kúrò tó o bá ń se ọbẹ̀ náà fún àlejò.

• Ata kì í jó ẹnu. Capsaicin inú rẹ̀ ló ń jí iṣan tó ń mọ ooru. Àwárí yìí wà lára ohun tó mú kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Julius gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021.

• Omi kì í pa títa, nítorí capsaicin kì í yòrò nínú omi. Wàrà ni kó o mu.

• Wọ ìbọ̀wọ́ kó o tó gé ata, má sì fọwọ́ kan ojú. Ọbẹ̀ tó ta dùn, ṣùgbọ́n ìlera ẹni tó ń sè é ló ṣáájú.