Oníbodè Ọ̀rọ̀

Nígbà tí àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì wà nínú odi, oníbodè ni ó máa ń jókòó sí ẹnu ibodè, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, tí ó sì ń wo ojú ẹni tí ń wọlé. Bí ó bá le jù, àwọn oníṣòwò a gba ọ̀nà ibòmíràn, ọjà ìlú a sì tú. Bí ó bá sùn lọ, olè àti amí ọ̀tá a wọlé. Iṣẹ́ tí oníbodè ń ṣe fún ìlú ni alága ń ṣe fún ìpàdé, òun náà sì ni olóòtú ń ṣe fún ìwé ìròyìn. Àwọn ni ó ń pinnu ọ̀rọ̀ tí yóò wọlé àti èyí tí yóò dúró lóde. Àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka iṣẹ́ yìí sí, àfi ìgbà tí ó bá bàjẹ́.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó, ní Sàpẹ̀lẹ̀ àti ní Àkúrẹ́ a máa padà wálé, ìpàdé ọmọ ìlú a sì máa wáyé láti Òkìtìpupa títí dé Òde-Ìrèlè àti Òde-Aye. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọ̀kan nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, ‘Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ó di ọdún kẹta tí a ti ń dá owó gbọ̀ngán ìlú, ògiri nìkan ni a ń rí, níbo ni owó páànù wà?’ Inú bí alága. Ó ní, ‘Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ọ́? Jókòó!’ Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó. Ìpàdé parí ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, alága sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òun ti pa iná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jókòó. Ó bá àwọn obìnrin dé etí odò, ó bá àwọn ọkùnrin dé ìdí ẹmu, ó sì wọ ọkọ̀ padà sí Èkó. Nígbà tí ọdún mìíràn yípo, ẹni tí ó ti ń dá owó tẹ́lẹ̀ ní ara òun kò yá, ẹlòmíràn ní owó ilé-ìwé ọmọ ni òun ń wá. Àwọn ará ìlú kejì sì ti ń sọ pé owó kì í dé ọwọ́ àwọn àgbà ìlú yẹn kí ó tún jáde. Ohun tí ó dunni jùlọ ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má jí kọ́bọ̀. Bóyá páànù ni ó wọ́n, bóyá akápò tilẹ̀ ní gbogbo rìsíìtì nínú àpò rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Nígbà tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè, a ti í mọ́ ìdáhùn pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí alága kúkú ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan a bú ìyá ẹnì kejì, òmíràn a pe ẹni ẹlẹ́ni ní olè láìní ẹ̀rí, ẹ̀kẹta a sì hú ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó ti kú láti ogún ọdún sẹ́yìn. Àwọn obìnrin a kọ́kọ́ dìde, àwọn àgbà tí wọ́n mọ iyì ara wọn a tẹ̀lé wọn, ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ṣùgbọ́n tí kò ní ohùn òkè a sì jókòó sílé rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé tí a ní kí gbogbo ènìyàn máa sọ ohun gbogbo nínú rẹ̀ ṣe ń di ti àwọn aláriwo nìkan.

Àwọn baba wa mọ ìṣòro yìí. Nínú ìgbìmọ̀, ọba ni ó máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kì í ṣe nítorí ọlá nìkan ni. Bí ọba bá ti sọ tirẹ̀, ta ni yóò tún sọ òmíràn? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n bí àgbà bá kọ́kọ́ pa ẹnu pọ̀, ọgbọ́n ọmọdé kò ní jáde.

Bí alága ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n jọ jókòó lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni olóòtú ìwé ìròyìn ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọn kò rí ara wọn rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni àlùfáà Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Orúkọ ìwé náà gba gbogbo Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà ní ibodè. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ìhà Ẹ̀gbá ni Townsend wà, bẹ́ẹ̀ ni David Hinderer, àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń gbé Ìbàdàn, ń fi ojú mìíràn wo ogun kan náà. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ni ìwé tí a pè ní ti Yorùbá ṣe di ohùn Ẹ̀gbá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kò sì fi inú dídùn kà á. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ìwé náà kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fọ́lé.

Ìwé ìròyìn Lagos Daily News ti Herbert Macaulay ṣubú sí ìhà kejì. Ìjọba ti rọ Ẹlẹ́kọ̀ Ẹ̀ṣùgbàyí lóyè ní 1925, wọ́n sì ti lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọkàn àwọn ará Èkó ń hó. Ní 1928 ìwé náà tẹ àhesọ jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Ẹlẹ́kọ̀. Oníbodè kò bi àhesọ náà níbi tí ó ti ń bọ̀. Wọ́n fi Macaulay sẹ́wọ̀n oṣù 6. Òótọ́ ni pé àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá rẹ̀ rí igi tí wọn yóò fi nà án.

Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, wá ọgbọ́n mìíràn. Láti oṣù Keje 1929 títí di oṣù Kẹta 1930, ó ń tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí a pè ní Sẹ̀gilọlá, ẹni tí ń ròyìn ìgbésí ayé ìṣekúṣe rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé ránṣẹ́, Thomas sì ń fún lẹ́tà tiwọn náà láyè, tí àwọn tí kì í ṣe akọ̀wé ìròyìn fi rí ọ̀rọ̀ ara wọn nínú ìwé. Èyí ni ó mú kí orúkọ Akéde Èkó kàn. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni a mọ̀ pé Thomas fúnra rẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá. Ó dára kí oníbodè máa gba àlejò tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbodè bá wọ aṣọ àlejò gba ẹnu ibodè kọjá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó káàánú Sẹ̀gilọlá gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí gbọ̀ngán tí kò ní páànù. Ká ní alága mìíràn ni ó wà lórí àga ní ọjọ́ náà. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ka òfin rẹ̀: kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí ó bá fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bú ènìyàn, kí ẹni tí a bá dárúkọ rẹ̀ sì ní àyè láti fèsì. Àbúrò rẹ̀ gan-an ni ó kọ́kọ́ rú òfin náà, alága sì ní kí ó jókòó, kí akọ̀wé kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ páànù, àwọn kan kùn, alága sì ní, ‘Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.’ Ó yíjú sí akápò. Akápò ṣí àpò rẹ̀, ó ka owó sìmẹ́ńtì, ó ka owó igi, ó sì sọ iye tí ó kù àti iye tí wọ́n ń ta páànù ní ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún béèrè ìbéèrè méjì. Lẹ́yìn náà ni ó fúnra rẹ̀ jókòó.