Bí Justin Timberlake ṣe fi orúkọ ṣòwò: Ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké

Oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n pè wọ́n sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ló wà lọ́kàn wọn. Sọ̀wédowó ńlá àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọkùnrin márùn-ún tó ń kọrin ní NSYNC, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ń retí lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, orin wọn sì ń tà wàràwàrà. Àmọ́ nígbà tí Lance Bass, ọ̀kan nínú wọn, wo tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là péré ló bá níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà.

Lou Pearlman ni ọ̀gá tó náwó lé ẹgbẹ́ náà lórí ní ìlú Orlando lọ́dún 1995. Àdéhùn tí àwọn ọmọ náà fọwọ́ sí nígbà tí ojú wọn kò tíì là ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1999, ilé iṣẹ́ rẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì jọ fa orúkọ NSYNC mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà, orúkọ sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, àwo wọn, No Strings Attached, tà ju mílíọ̀nù méjì lọ ní Amẹ́ríkà láàrin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ti Pearlman, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 25 lọ́dún 2008 nítorí jìbìtì tó fi gba owó olówó. Àhámọ́ ló kú sí lọ́dún 2016.

Justin Timberlake ló kéré jù nínú àwọn márùn-ún. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà dáwọ́ dúró lọ́dún 2002, ó ń dá kọrin, ó sì tún wọ iṣẹ́ eré sinimá. Òkìkí tó ní nídìí orin kò sọ ọ́ di òṣèré lọ́jọ́ kan. Fíìmù Edison tó ṣe lọ́dún 2005 kò dùn mọ́ àwọn alárìíwísí nínú. Orí DVD ni wọ́n ti tà á ní Amẹ́ríkà. Kò torí ìyẹn sá. Ó gba ipa tí kì í ṣe ti olórí òṣèré, ó ń kọ́ṣẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Lọ́dún 2010, ó kó ipa Sean Parker nínú The Social Network, fíìmù tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́ta.

Ó tún fi orúkọ náà ṣàánú. Láti ọdún 2008 sí 2012, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìdíje gọ́ọ̀fù kan ní Las Vegas, tí wọ́n fi ń ran ilé ìwòsàn Shriners lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn yìí ń tọ́jú ọmọdé, bóyá òbí wọn lówó tàbí wọn kò ní. Nígbà tí orúkọ Timberlake kúrò níbẹ̀, ìdíje náà ṣì bá a lọ ní orúkọ ilé ìwòsàn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àánú tó ní ètò kì í kú bí ẹnì kan bá yẹra.

Kí ló kan aláṣọ, oníbúrẹ́dì àti aránṣọ nínú èyí? Orúkọ tí ẹ kọ sára ṣọ́ọ̀bù yín ni ọjà tó ṣòro jù láti rà padà. Bí ẹ bá forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Orúkọ àti àmì tó wà lára ọjà, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní trademark, ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Àbújá. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń lò, lẹ́yìn náà wọn á máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ fi owó ràn yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Yorùbá ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè fi ṣòwò, òun náà ló lè fi ṣàánú.